Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Tó Di Òkúta Lábẹ́ Ilé Wa

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ ogbó. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń sọ èyí, ṣùgbọ́n mo fi tìmùtìmù sábẹ́ orúnkún, nítorí ilẹ̀ ibí ń jẹ egungun. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ baálé wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àgbà àti èwe wọn. Mo kí àwọn ará Òkukù, ẹbí ọkọ mi tó ti lọ. Mo kí àwọn ará Inísà náà, àwọn àna wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ wọn kan ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ní kí n má fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù mọ́, pé gbogbo agbo ilé ló máa ń gbọ́ ọ tán kí fóònù tó dé ọwọ́ yín. Ó dáa. Ìwé nìyí. Kí wọ́n kà á síta ní ojúde wa, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Inísà kí àwọn náà kà á. N kò ní ohun tí mò ń fi pamọ́.

Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ló ń bá mi kọ ọ́, ìyá tó bí ìyàwó Ráúfù ọmọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun náà ni mò ń jowú. Mo ti sọ fún un kó tó mú bíírò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ, pé ohun tí òun ti kà nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé burú ju ìyẹn lọ. Ráúfù wà níbi iṣẹ́, Bọ̀sẹ̀ ń fún ọmọ lọ́yàn, kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ ọ́. Mo ní kó má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Bó bá yọ ọ́, ẹ̀yin yóò mọ̀, ẹ mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí a wà ní Kánádà yìí, pápá ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òkè bíi ti Ìkìrun tí ojú lè fẹ̀yìn tì. Ráúfù wà lára àwọn tó ń gbé òpó iná nàró. Iṣẹ́ wọn ń rìn láti ìlú dé ìlú, ilé wọn náà sì ń bá wọn rìn. Ilé orí táyà ni, mọ́tò ló ń fà á. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì tí a fi ń ná ọjà Òkukù, kí ẹ fi gùn sí i díẹ̀, kí ẹ wá kó bẹ́ẹ̀dì, ààrò gáàsì, balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ sínú rẹ̀. Àwa àgbà mẹ́rin la wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Èmi àti Ìyá Bọ̀sẹ̀ la jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí kò fẹ̀ tó pẹpẹ ìjókòó. Ó ń hanrun. Ó ní èmi náà ń hanrun. Irọ́ ni.

Gáàsì tó ń mú ilé yìí móoru ń jẹ owó ọmọ mi ju bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń jẹun lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ ní ilé pé a wà lókè òkun a kò fi owó ránṣẹ́.

Òtútù ibí kì í ṣe ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa bu ètè, a máa mú epo sùn nínú kẹ́ẹ̀gì, bí oòrùn bá yọ, ó tán. Ti ibí yìí ń sọ omi di òkúta. Mo sá ìborùn mi síta lọ́jọ́ tí mo dé, nígbà tí mo padà lọ wò ó, ó ti le gan-an bíi pákó, mo sì ní láti gbé e wọlé lábẹ́ abíyá bí ẹni gbé ilẹ̀kùn. Ènìyàn kì í rí ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń kọjá tí yóò ní ẹ kú ìjókòó. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹni tí mò ń jowú yìí nìkan ló gbọ́ èdè mi, òun náà ni mò ń bá jà, òun náà ni mò ń bá ṣeré.

Lábẹ́ ilé náà, táǹkì mẹ́ta ló so rọ̀ bí ikùn ewúrẹ́ tó lóyún. Ọ̀kan gba omi mímọ́. Ọ̀kan gba omi ìwẹ̀ àti omi abọ́. Ẹ̀kẹta gba ohun tí ẹ mọ̀. Táǹkì ìdọ̀tí kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ kan tí a ń fà láti ìta. Bí a bá fà á, omi á gba inú rọ́bà gígùn kan bọ́ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ ni kí o da omi ìdọ̀tí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí, wọn á lé ọ kúrò ní ibùdó tí a gbé ilé wa sí.

Gbogbo iṣẹ́ ilé ní ìgbà òtútù ni pé kí àwọn táǹkì yìí má dì. Ráúfù ti fi fóòmù líle yí ìdí ilé ká kí atẹ́gùn má gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wé wáyà tí iná ń mú gbóná mọ́ páìpù omi. Ó gbé gílóòbù ńlá kan sábẹ́ ilé, ó ń tàn tọ̀sán-tòru bíi ti àwọn tó ń sin òròmọdìẹ. Bí a bá fẹ́ sùn, a ó ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdí ibi ìfọbọ́ sílẹ̀ kí ooru lè wọ ibi tí páìpù gbà. Omi kan tún wà, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi sóbò tí wọ́n bu omi lé jù, wọ́n ń da díẹ̀ rẹ̀ sínú táǹkì ìdọ̀tí kó má bàa dì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí à ń fà yẹn ni olórí gbogbo rẹ̀. Nígbà òtútù, pípa ni à ń pa á dé. Ẹ ó jẹ́ kí ìdọ̀tí kún táǹkì dáadáa, nígbà náà ni ẹ ó tó fà á, kí gbogbo rẹ̀ wọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kó má rí àyè dúró lọ́nà. Bó bá tán, ẹ ó gbé rọ́bà sókè láti ìdí dé ẹnu kí omi tó kù nínú rẹ̀ ro dànù, ẹ ó ká a, ẹ ó gbé e pamọ́.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti mọ gbogbo èyí kí n tó dé. Ìwé ìrìnnà tirẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó fi oṣù méjì ṣáájú mi. Bàbá òyìnbó kan wà nítòsí wa, a ń pè é ní Bàbá Onírùngbọ̀n, ó ti pẹ́ gan-an nínú ilé orí táyà tirẹ̀. Òun ló kọ́ ọ. Èmi kò gbọ́ òyìnbó, nítorí náà bí ó bá dé, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹnu wọn. Ó fún un ní gílóòbù, ó fún un ní ìbọ̀sẹ̀ onírun. Bí mo bá béèrè ohun tí wọ́n sọ, Ìyá Bọ̀sẹ̀ á ní ọ̀rọ̀ omi ni. Wákàtí kan ni wọ́n fi sọ ọ́ o. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní Ìyá Ráúfù, ẹ rọra, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ kí táǹkì yìí kún ṣáájú àsìkò. Mo ní kó lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ ni. Ráúfù nìkan ni mo bí tó yè, ọmọbìnrin yìí ni àkọ́bí rẹ̀. Kí n tó dé, ọmọ ti mọ ọwọ́ ẹlòmíràn. Bó bá ń sunkún tí mo gbé e, ohùn Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni yóò máa yí orí sí. Ìwẹ̀ tí ó ń wẹ̀ ẹ́ kò sì dára, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ń wẹ ọmọ bí ẹni ń fọ àwo tánganran. Kò na apá, kò na ẹsẹ̀, kò gbé e sókè kó jù ú díẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè le. Ó ní nọ́ọ̀sì ló ní kí òun má ṣe é. Mo ní nọ́ọ̀sì mélòó ló wẹ òun nígbà tí wọ́n bí i ní Inísà. Nígbà tí ariwo wa pọ̀, Bọ̀sẹ̀ pín in fún wa. Ìyá rẹ̀ ni yóò máa wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, èmi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ̀ pé ti àárọ̀ ni ìwẹ̀. Ti ìrọ̀lẹ́, wọ́n kàn ń fi omi nu ọmọ kó lè sùn ni.

Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé omi tí a fi wẹ ọmọ tuntun kì í sùn mọ́ inú ilé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ ó gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ ó dà á síbẹ̀, ẹ ó sì da ojú agbada ìwẹ̀ délẹ̀. Ẹ ní ọmọ tí omi ìwẹ̀ rẹ̀ bá sùn mọ́ ilé, inú á máa run ún. Mo dé ibí, mo rí i pé omi ìwẹ̀ ọmọ ọmọ mi ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra rẹ̀ sùn lé, òun àti omi abọ́ ọbẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ sì ń sunkún lóru. Kí ni kí n rò? Mo tún ṣe iṣẹ́ epo pupa ní Èkó-Ẹndẹ títí irun mi fi funfun. Epo tó bá dúró lójú kan ló ń sùn. Èyí tó ń ṣàn kì í sùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni omi yóò rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wẹ ọmọ tán, mo wọ bàtà, mo jáde. Mo so rọ́bà mọ́ ẹnu táǹkì omi ìwẹ̀, mo fa ọwọ́ rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí kí omi máa lọ bó ṣe ń dé. Ìyá Bọ̀sẹ̀ rí mi lójú fèrèsé. Nígbà tí mo wọlé, ó ní kí n padà lọ pa nǹkan yẹn dé, òtútù ńlá ń bọ̀ lóru. Mo bi í bóyá òun ló bí onílé. Ó padà sídìí Bíbélì rẹ̀.

Omi tó ń kán díẹ̀díẹ̀ kò ní agbára láti dé ihò. Inú rọ́bà ló ń dì sí, ìpele lórí ìpele, títí rọ́bà fi di igi. Láti ibẹ̀ ó gun òkè padà, ó di ọrùn táǹkì pa, ó dé inú táǹkì fúnra rẹ̀. A kò mọ̀. Nígbà tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ fẹ́ wẹ ọmọ láàárọ̀, omi kò lọ. Ó ń padà yọ sókè láti ojú ihò balùwẹ̀, tòun ti òrí tí mo fi para ọmọ, tòun ti hóró ìrẹsì. Ó ń rùn.

Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Ìyá Bọ̀sẹ̀ tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má ṣe da omi híhó lé ọrùn táǹkì, pé bí ooru bá bá a lójijì yóò là. Mo dà á. Ó là. Ó dún bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ráúfù ti ibi iṣẹ́ dé, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yìnyín lábẹ́ ilé náà, ó ń wo ibi tó là. Bàbá Onírùngbọ̀n wá, ó mi orí. Ó ní kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe títí òtútù yóò fi lọ, ihò ẹ̀gbẹ́ ilé wa pàápàá ti dì pa. Táǹkì kẹta kò bàjẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo omi ìwẹ̀ àti omi abọ́, inú garawa ni yóò máa wà, ọwọ́ la ó sì fi máa gbé e lọ sí ihò ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdó, òun nìkan ni wọ́n kọ́lé lé lórí tí kò dì. Ráúfù béèrè ẹni tó fa ọwọ́ táǹkì ṣí. Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Mo ní èmi ni.

Ọmọ mi kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó jókòó, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì rọra sọ pé àwọn ará Ìbàdàn kan wà nínú ìlú, ilé wọn jẹ́ ilé oníbíríkì, wọ́n ń wá ìyá àgbà tí yóò máa bá wọn gbé. Ó ní ilé yìí kò lè gba wa báyìí. Kí ọ̀kan nínú àwa ìyá méjèèjì lọ gbé lọ́dọ̀ wọn títí òtútù yóò fi lọ. Ó ní òun yóò sọ ẹni náà ní Sátidé. Kò dárúkọ ẹnì kan, ṣùgbọ́n bàtà mi ló ń wò.

Ìyá mi, kí òtútù yìí tó lọ, ọmọ á ti máa jókòó. Á ti mọ ojú. Ojú Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni yóò mọ̀. Bí mo bá padà, á wò mí bí ẹni wo oníṣẹ́ ìjọba. Nǹkan tí mò ń rò lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, tí ẹni yìí ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ gba ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi pẹ̀lú, ó ní kí gbogbo nǹkan rọlẹ̀ ná. Ó ń wẹ ọmọ nínú agbada láàárín ilé, èmi ń wò ó bí àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni wẹ ọmọ ní láti da omi rẹ̀ nù. Ó gbé garawa jáde, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn kan, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́. Orúnkún rẹ̀ ló fi balẹ̀, omi dà sínú bàtà rẹ̀. Nígbà tí a máa fi gbé e wọlé, ìbọ̀sẹ̀ onírun yẹn ti ń le. N kò rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yá.

Mo bu omi mìíràn tó wà ńlẹ̀ sínú garawa, mo fi ìborùn ṣe òṣùká, mo gbé e rù. Ẹni tó bá ti ru kẹ́ẹ̀gì epo bọ̀ láti oko Èkó-Ẹndẹ nínú ẹrẹ̀ òjò mọ bí a ṣe ń fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀. N kò yọ̀. Omi kò ta sí mi lára. Bàbá Onírùngbọ̀n jáde síta nínú òtútù yẹn, ó dúró, ó ń pàtẹ́wọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ló sọ ọ́ fún. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń dà á láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ráúfù kò lè ṣe é, kì í sí nílé. Bọ̀sẹ̀ ṣì ń mú ara dá lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò tíì lè tẹ orúnkún rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀la ni Sátidé. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí lónìí nìyẹn. Mo fẹ́ kí ilé gbọ́ ọ kí ọmọ mi tó sọ̀rọ̀. Mo ní kí Ìyá Bọ̀sẹ̀ kọ ọ́ pé bí èmi bá lọ, omi ìdọ̀tí á kún ilé dé orí bẹ́ẹ̀dì, bí òun bá lọ, kò sí ẹni tí yóò máa túmọ̀ ohun tí bàbá òyìnbó bá wí nípa táǹkì, a ó tún ba èyí tó kù jẹ́. Ó kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé ẹnì kankan kò ní lọ. Ó kọ ọ́, ó tún fa igi sídìí rẹ̀. Mo wá ní kó kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń ru omi ló ni ìwẹ̀ àárọ̀.

Ó gbé bíírò sílẹ̀.

Ó ti tún mú un. Ó ní òun lè kọ ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó kọ àárọ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé Inísà náà yóò ka ìwé yìí. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn, torí ohun tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tí ará ilé rẹ̀ kà, kò ní lè sẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, òun yóò kọ ọ́, bí mo bá kọ́kọ́ jẹ́ kí Ìkìrun gbọ́ pé òun sọ fún mi kí n pa ọwọ́ táǹkì dé, òun sì sọ fún mi kí n má da omi híhó.

Ọ̀rọ̀ yìí nira fún mi ju garawa lọ. Ó ń wò mí.

Ó dáa. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìkìrun, àti ẹ̀yin ará Òkukù, ó sọ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mo gbọ́, n kò gbà, torí ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

Ó ti kọ ọ́. Mo ní kó ka ìyókù fún mi kí n gbọ́, ó sì kà á: Ìyá Ráúfù ni yóò máa wẹ ọmọ láàárọ̀, èmi ìyá Bọ̀sẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́, a jọ fẹnu kò sí i. Bí Ráúfù bá dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, àwa méjèèjì ni yóò bá ní ìjókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì gbọ́ lẹ́nu wa. Kó wá ẹlòmíràn fún àwọn ará Ìbàdàn.

Mo ṣì ń jowú rẹ̀ o. Ó mọ̀.

Ìyá mi, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó rí ọmọ ọmọ ọmọ yín lójú, ẹ ó gbé e lé itan. Ẹsẹ̀ yín kò ní wú mọ́, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu yín. Kí baálé wa pẹ́ fún wa. Kí àwọn ìyàwó ilé rí tajé ṣe, kí ará Òkukù má gbàgbé wa, kí ará Inísà má bínú. Ẹ bá mi kí ẹni tó bá béèrè mi, ẹ sì kí ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó ń wẹ ọmọ láàárọ̀,
Ìyá Ráúfù.